Ìkòkò Iyanrìn Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ẹ má sọ fún mi pé atalẹ̀ wà nínú ọ̀rá. Mo ti rí i. Rúkáyátù fi hàn mí lánàá nínú kíṣìnì: ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú kan, bí eruku ojú títì nígbà ọyẹ́. Wọ́n lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa, wọ́n sì ya àwòrán atalẹ̀ tútù sí ara rẹ̀. Àwòrán yẹn nìkan ni mo gbà pé ó jẹ́ atalẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Mo tú u, mo gbóòórùn rẹ̀, mo tún un dì. Ó ń rùn bí àpótí aṣọ tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé n kì í pariwo. Nínú ilé yìí, ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ lè má mọ̀ pé mo wà nílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Iléyá ni ọ̀rọ̀ kan ti ń ká mi lára, gbogbo yín sì ń lọ, ẹ ń bọ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi. Bàbá Rúkáyátù náà wà níbẹ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣe bí ẹni ń wo fóònù. Múrí, mo mọ̀ pé o ń gbọ́ mi.

Ìkòkò amọ̀ kan ni. Kò ga ju orúnkún lọ, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó kí ọwọ́ méjèèjì wọ̀ ọ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló ń wà, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í dé, tí òjò kì í sì í já sí. Iyanrìn ló wà nínú ìkòkò náà, atalẹ̀ ló sì wà nínú iyanrìn. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mi ò rí ọjọ́ kan tí ìkòkò yẹn ṣófo, àfi ọjọ́ Iléyá tó kọjá.

Ẹ̀yin rò pé ilé yìí ti ń rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Múṣìn ò tíì kún báyìí. Yàrá mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ìdílé mẹ́jọ ló sì ń gbé inú wọn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù, nítorí pé bàbá bàbá wa tó kọ́ ilé náà kì í kọ ará ilé rẹ̀. Kíṣìnì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, ó wà lẹ́yìnkùlé, òrùlé páànù rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ilẹ̀ gidi ló wà ní ẹ̀yìnkùlé nígbà náà, ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbẹ́. Bí ẹ bá dé láti ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kò ní láti bi ẹnikẹ́ni pé kí ni wọ́n ń sè. Etí ni ẹ ó kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ ọlọ bá ń lọ hàrà-hàrà, ata ni. Bí ó bá ń lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń dúró díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ronú, atalẹ̀ ni, nítorí pé atalẹ̀ ní okùn nínú, kì í gbà kí wọ́n kánjú lọ òun. Lónìí, bílẹ́ńdà kan ṣoṣo ló ń ké fún gbogbo nǹkan. Ata ni o, ẹ̀wà ni o, atalẹ̀ ni o, ohùn kan náà ni. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, oúnjẹ dúró.

Ìyá wa ló ni ìkòkò náà. Ìyá tirẹ̀ ló fún un ní atalẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wé e sínú ewé, wọ́n fi sábẹ́ aṣọ inú igbá rẹ̀. Atalẹ̀ kéékèèké ni, ìka rẹ̀ kò sanra, ṣùgbọ́n bí o bá ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ á yọ àwọ̀ òfeefèé, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo kíṣìnì kan. Kì í ṣe irú bọ̀bọ̀kí tí ẹ ń rà báyìí, tó sanra bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tó sì kún fún omi.

Iyanrìn rẹ̀ kì í ṣe iyanrìn lásán. Màmá á fi asẹ́ kù ú, á sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ìka wọ́n omi sí i. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ̀ pé ó ti tó: kí n bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, kí n dì í mú. Bí ó bá tú lójú ẹsẹ̀, ó ti gbẹ jù. Bí omi bá ta sí mi lọ́wọ́, mo ti pa atalẹ̀. Kí ó dúró díẹ̀ kí ó tó tú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í kàn án bó ṣe wù ú. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń wá a nínú iyanrìn. A kì í fi ọ̀bẹ wọ ibẹ̀, a kì í fi ṣíbí wọ ibẹ̀. Ìwọ á fi ìka wá a títí o ó fi kan ìyá rẹ̀, èyí tó tóbi jù tí àwọn ìka yòókù hù lára rẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ni o ó ṣẹ́ ní ọrùn. O ó fi eérú ìdí ààrò pa ojú ibi tó ti ṣẹ́, kó má baà jẹrà, o ó sì da iyanrìn bò ó padà. Èyí tí o bá mú, ìkarahun ìṣáwùrú la fi ń ha èèpo rẹ̀, nítorí pé ọ̀bẹ a máa gé ara rẹ̀ mọ́ èèpo, ara tó sún mọ́ èèpo yẹn ló sì ta jù. Mo rí Rúkáyátù tó ń fi ọ̀bẹ bẹ ẹ́ bí ẹni ń bẹ iṣu. Ìdajì rẹ̀ ló lọ sínú garawa ìdọ̀tí.

Ibi tí ìka tuntun ti fẹ́ yọ lára atalẹ̀, ojú la ń pè é. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé, Màmá á mú àwọn tó ní ojú, á gbìn wọ́n sí ẹ̀bá ògiri ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé, tí ewé wọn bá pọ́n, a ó wú wọn, wọn á sì padà sínú ìkòkò. Gbogbo ìdílé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń mú níbẹ̀. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, ó mọ̀nà ibẹ̀. Nígbà ààwẹ̀, a ó gún un mọ́ kànáfùrù, a ó sè é, a ó fi ṣúgà díẹ̀ sí i, òun sì ni yóò kọ́kọ́ kan ọ̀fun lẹ́yìn dàbínù nígbà ìṣínu. Àwọn ọkùnrin á mu ún, wọn á súfèé. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lọ sílé ọkọ láti ilé yìí, yálà ọmọ onílé ni tàbí ọmọ ayálégbé, Màmá á fún un ní ojú kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà ló máa ń bá a sọ: "Má jẹ́ kó tán." Nígbà tó yá, àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Ìyá Má-jẹ́-kó-tán. Inú rẹ̀ dùn sí i, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ká mọ̀.

Kí ó tó kú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn náà ló bá mi sọ. Kò fi ilé lé mi lọ́wọ́, Múrí ló fi í lé lọ́wọ́. Kò fi aṣọ lé mi lọ́wọ́. Ìkòkò iyanrìn ló fi lé mi lọ́wọ́, mo sì ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità a náání èèpo igi. Mo náání rẹ̀. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, Múrí ní òun fẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé máa dán. Ó da sìmẹ́ńtì sí i, ó lẹ táìlì, kò ṣẹ́ ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́ kù. Mo bi í pé, "Níbo ni kí n máa gbin atalẹ̀ sí?" Ó ní, "Àǹtí mi, ta ló ń gbin nǹkan n'Múṣìn?" Ẹ rántí pé ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí òjò ọdún yìí dé, inú ìkòkò náà gan-an ni mo fi atalẹ̀ sílẹ̀ sí kí ó hù. Mo sún un síta díẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ lè máa bà á. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ti yọ lára rẹ̀. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi: gbogbo rẹ̀ ni mo fi sí ojú kan ṣoṣo. Láyé Màmá, bí ti inú ìkòkò bá bàjẹ́, ó wà lọ́wọ́ ìyàwó méje lóde. Nísinsìnyí, bí mo bá fún ọmọbìnrin ní ojú atalẹ̀, á bi mí pé ṣé inú fíríìsà ni òun yóò fi sí. Atalẹ̀ inú fíríìsà, bó bá yọ́, ó ń rọ̀ bí kànrìnkàn tó gbó.

Ó wá di ọjọ́ Iléyá. A dé láti Yídì, mo wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n mú àgbò wá sí ẹ̀yìnkùlé. Láyé àtijọ́, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Áráfà ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ ihò tí ẹ̀jẹ̀ yóò lọ sí, ilẹ̀ yóò mu ún, wọn á sì kó erùpẹ̀ bò ó, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ ó gbẹ́ nínú táìlì? Wọ́n dúńbú àgbò, ẹ̀jẹ̀ tàn káàkiri lórí nǹkan dídán yẹn. Ẹsẹ̀ Ààfáà yọ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lé àgbò náà lórí. Wọ́n ní ó kígbe pé, "Ẹ wá iyanrìn o, kí n má baà di ẹran ọdún." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi sì wò yíká, ó rí iyanrìn lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Èmi kò mọ nǹkan kan. Mo jáde wá pẹ̀lú àwo kékeré lọ́wọ́, mo fẹ́ ṣẹ́ ìka kan tí a ó fi sè ẹ̀dọ̀ àgbò. Mo dé abẹ́ àtẹ̀gùn, mi ò rí ìkòkò. Mo bojú wẹ̀yìn. Múrí ló jókòó, ó ń gé ẹran, ó sì dojú ìkòkò kan bolẹ̀, ó fi í ṣe àpótí ìjókòó.

Mo ní, "Múrí, kí lo jókòó lé?"

Ó ní, "Ìkòkò ni, Àǹtí mi. Mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ kú ọdún o."

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Iyanrìn. Iyanrìn náà ló gba Ààfáà sílẹ̀."

"Iyanrìn nìkan?"

Ó wò mí lójú. "Koríko kan hù sínú rẹ̀. Mo fà á tu."

Mo bi í pé ibo ni iyanrìn náà wà. Ó ní wọ́n ti gbá a sínú àpò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ àgbò, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí sì ti kọjá. Kódà bí ọkọ̀ náà kò bá tíì kọjá, ẹ̀jẹ̀ ti kàn án, nàjísí ni, mi ò lè gbé e sẹ́nu. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo òfìfo lọ́wọ́. Ẹ̀yin ń ya fọ́tò ara yín lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn náà, nítorí pé òun ló dùn mí jù. Ó ní, "Ṣé torí atalẹ̀ nìyí, Àǹtí mi? Mo máa ra odidi àpò kan fún yín."

Ó sì rà á lóòótọ́. Ẹ̀yin náà rí i. L'Ọ́yìngbò ló ti rà á, ó sì fi ọkọ̀ gbé e wálé tayọ̀tayọ̀. Ó sanra, ó funfun, ó mọ́. Ìdí tó fi mọ́ ni pé àwọn tó ń tà á ti rẹ ẹ́ sínú omi kí ó lè wúwo. Mo ṣẹ́ ẹ, omi jáde. Mo fi í sẹ́nu, ó ta mí díẹ̀, ó sì gbàgbé mi. Síbẹ̀ mo gbìyànjú. Mo wá iyanrìn, mo kù ú, mo sá a, mo fi eérú pa ojú atalẹ̀ náà, mo sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo na ọwọ́ sínú ìkòkò, ohun tí mo bá níbẹ̀ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Gbogbo rẹ̀ ti jẹrà. Mo jókòó sí abẹ́ àtẹ̀gùn, mo ń ro ohun tí mo ṣèlérí fún Màmá. Mo tún ro ti Rúkáyátù tí a ó so yìgì rẹ̀ ní oṣù méjì sí i, tó jẹ́ pé òun ni yóò jẹ́ ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jáde kúrò nílé yìí lọ́wọ́ òfo. Mo sọ fún un. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú, àwọn tinú ọ̀rá wà." Mi ò bínú sí i. Ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ rí ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí olè tí mo jà nígbà kan.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà náà, obìnrin kan wà ní yàrá kẹta, Ìyá Mọ́ríámọ̀ là ń pè é. Mọ́ríámọ̀ nìkan ni Ọlọ́run fún un. Òun ló ń di irun mi, ọwọ́ rẹ̀ kì í le bíi ti Màmá, bí ó bá sì dì í tán, á fún mi ní ẹ̀pà. Ní ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, àwọn àlejò ọkọ rẹ̀ ya wọlé láìròtẹ́lẹ̀ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ara kò balẹ̀ fún un. Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ sídìí ìkòkò, ó sì gé ìyá atalẹ̀ náà sí méjì. Nígbà tí Màmá dé ibẹ̀, ọ̀bẹ náà ṣì wà nínú iyanrìn.

Màmá ní, "Ta ló fi ọ̀bẹ wọ ibí?"

Ìyá Mọ́ríámọ̀ ní, "Èmi ni, Ìyá Má-jẹ́-kó-tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí. Ṣé atalẹ̀ náà ń bímọ ni?"

Ó fi ṣe àwàdà ni. Ṣùgbọ́n Màmá ti bínú, ẹnu rẹ̀ sì já. Ó ní, "Ó ń bímọ. Ó ti bí jù ẹ́ lọ."

Ẹyin lohùn. Mo ṣì ń rántí pé ọmọ ọlọ tó ń lọ nígbà náà dúró. Ìyá Mọ́ríámọ̀ gbé ìkòkò omi atalẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sínú yàrá, kò sì fi atalẹ̀ náà ṣínu. Láti ọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́. Màmá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò náà mọ́ láé. Kò pẹ́ sí i, ọkọ Ìyá Mọ́ríámọ̀ rí yàrá sí Sábó, wọ́n ń kó lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, mo rí i tó ń di ẹní, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà kò sì jáde sí i. Mo lọ sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún wá a bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ṣẹ́ èyí tó ní ojú, mo fi eérú pa ọrùn rẹ̀, mo ya ewé kan nínú ìwé mi, mo sì wé e sínú rẹ̀. Mo sá lọ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Má jẹ́ kó tán." Ó wò mí, ó fi í sínú àyà rẹ̀, ó sì lọ.

Ewé ìwé náà ló tú mi fó. Màmá rí i pé ìwé mi ti ya, ó bi mí, mi ò sì lè purọ́ fún un. Ó ní kí n kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ìkòkò náà, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ó ní olè ni mí, pé mo fi ohun ìní ìyá òun ta ọ̀tá òun lọ́rẹ. Kò jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan iyanrìn yẹn fún ọdún mẹ́ta. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìyà náà pọ̀ jù, mo sì ń rò ó bẹ́ẹ̀ títí di oṣù yìí.

Lọ́jọ́ kejì tí mo bá atalẹ̀ ọjà nínú ìjẹrà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Sábó. Mọ́ríámọ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnì níbẹ̀, a máa ń kí ara wa lọ́dọọdún. Òun ló mú mi lọ sílé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Mọ́ríámọ̀ ní, "Ọmọ Ìyá Má-jẹ́-kó-tán ni, láti Múṣìn."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Olè kékeré. Ṣé ó ti tán ni?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó ti tán, Màmá. Kí lẹ fi mọ̀?"

Ó ní, "Ohun tí ìyá rẹ náà wá sọ lẹ́nu ọ̀nà yìí nìyẹn. Bó o ṣe dákẹ́ kó o tó dáhùn yẹn, bẹ́ẹ̀ lòun náà dákẹ́."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní ọdún kan wà tí omi òjò wọ ilé ní Múṣìn, tó dé abẹ́ àtẹ̀gùn, tó kún inú ìkòkò. Mo rántí ọdún náà. Mo rántí bí a ṣe ń gbọ́n omi jáde ní yàrá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé atalẹ̀ náà jẹrà tán, àti pé òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ni, a kò tíì gbin ìkankan sẹ́yìnkùlé. Màmá lọ kiri ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn ìyàwó tó ti fún ní ojú. Òmíràn ti sè é jẹ. Òmíràn ní ewúrẹ́ jẹ ewé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bú ló kù.

Ìyá àgbà ní, "Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè lọ. Mo ní, 'Ìyá Má-jẹ́-kó-tán, ṣé ó ti tán ni?' Ó ní, 'Ó ti tán.' Mo ní, 'Tèmi kò tán. Ó ń bímọ.' Ó bú sẹ́kún. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ sí i, mo ti ń dúró de ọjọ́ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ń sunkún, èmi náà sunkún. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Mo fún un ní mẹ́ta."

Mo bi í pé kí ló dé tí Màmá kò sọ fún mi.

Ó ní, "Ó bẹ̀ mí kí n má sọ. Ó ní o ó máa rò pé olè jíjà dára."

Nígbà náà ni mo tó mọ ìdí tó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn omíyalé yẹn, láìsí ohun tí mo ṣe, Màmá pè mí ní òwúrọ̀ kan, ó ní kí n wá fọwọ́ wọ́n omi sí iyanrìn. Kò bẹ̀ mí. Àwọn àgbà ìgbà náà kì í bẹ ọmọdé. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìkòkò.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Atalẹ̀ tí Màmá fi lé mi lọ́wọ́, tí mo ń tọ́jú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ti Sábó ni. Ìyẹn ni pé tí mi ò bá jalè lọ́jọ́ yẹn, ì bá ti tán tipẹ́.

Mọ́ríámọ̀ gbé garawa ọ̀dà kan jáde lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Mo dì í mú, ó dúró díẹ̀ kí ó tó tú. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sínú rẹ̀, ojú ò ríran, ṣùgbọ́n ìka ríran. Ó ṣẹ́ mẹ́ta, ó sì ní, "Ọ̀kan fún ìkòkò. Ọ̀kan fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ." Ó di ẹ̀kẹta mú díẹ̀. Ó ní, "Èyí, ẹni tó o bá ń bínú sí jù ni kó o fún. Ọ̀rẹ́ á sè é jẹ. Ẹni tí ẹ jọ ní ìjà á tọ́jú rẹ̀, kó lè rí nǹkan fi yangàn sí ẹ lọ́jọ́ iwájú."

Inú ewé yìí ni mo fi kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálé. Mo ti bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò láàárọ̀, ìka kékeré tó ṣẹ́ lára rẹ̀ nìyí. Rúkáyátù, wá. Ṣẹ́ ẹ sí méjì, má lo ọ̀bẹ. Gbóòórùn rẹ̀. Mo rí ojú rẹ. Kò jọ ti inú ọ̀rá, àbí? Èkejì yìí, tó ní ojú, ni tìrẹ. Bu eérú sí i lọ́rùn bí mo ṣe ń ṣe é yìí. O mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó kù.

Múrí, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Ọ̀la ni o ó yọ táìlì mẹ́rin kúrò ní ẹ̀bá ògiri yẹn, kí ilẹ̀ lè mí, kí àgbò ọdún tó ń bọ̀ náà sì rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ. Dìde wá. Na ọwọ́, ọwọ́ ọ̀tún. Má bi mí bóyá inú mi ti rọ̀. Inú mi ò tíì rọ̀. Ìdí tí mo fi ń fún ọ nìyẹn.